Ibi Tí Èdè Ń Gbé: Ìhà Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ sí Ẹ̀kọ́ Èdè Lórí Ayélujára, láti Ìkẹjà dé Agége

Ìbéèrè kan wà tí àwọn olùwádìí fẹ́ràn láti máa kọ sínú ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń pín fún akẹ́kọ̀ọ́: ṣé o fara mọ́ ẹ̀kọ́ orí ayélujára? Akẹ́kọ̀ọ́ á fàmì sí ‘mo fara mọ́ ọn gan-an’ tàbí ‘n kò fara mọ́ ọn’, olùwádìí á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á sì jábọ̀ pé ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ ìhà rere sí i. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ èdè là ń wí, pàápàá èdè àkọ́kúntẹni, èyí tí ènìyàn kọ́ lẹ́yìn tí èdè ìyá rẹ̀ ti jókòó sí i lẹ́nu, ìbéèrè yẹn dà bí ìgbà tí a bá ń bi ènìyàn pé ṣé ó fẹ́ràn ọkọ̀, tí a kò sì sọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ fún un. Ẹni tó ń lọ sí Òṣòdì á wọ dánfó tayọ̀tayọ̀. Ẹni tí ibi tó ń lọ kò ju òpópó kejì á fẹsẹ̀ rìn, a ò sì lè torí ẹ̀ sọ pé ó kórìíra ọkọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ibi tí èdè ń gbé lẹ́yìn kíláàsì ló ń pinnu ojú tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wo ẹ̀rọ tí a fi ń kọ́ ọ. Níbi tí èdè bá ti ń gbé ládùúgbò, ẹ̀rọ á dà bí àlejò tó wá jókòó sórí àga baálé ilé. Níbi tí èdè náà kò ti ní ilé kankan nítòsí, ẹ̀rọ ló máa di ilé fún un. Ilẹ̀ tó wà láàárín Ìkẹjà àti Agége ni mo mú láti fi wò ó, nítorí níbẹ̀, èdè mẹ́ta ló wà lára akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì gbé inú ilé kan náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í la ilẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà ní àwọn ọdún 1950, Ìkẹjà kì í ṣe Ìkẹjà òní. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ọgbà ní 1962, Cadbury dúró sí Àgídíngbì, Dunlop ń ṣe táyà títí ó fi dáwọ́ dúró ní 2008, Ọba Akran àti Orẹ́gùn sì kún fún fákítọ̀rì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé-iṣẹ́ máa ń pe ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn. Ìgbò dé, Hausa ti wà níbẹ̀, Ẹ̀gùn, Tápà, Urhobo, Ìbíbíò àti Yorùbá láti ìlú gbogbo wá gba yàrá láti Ọgbà títí dé Abúlé Ẹ̀gbá. Ọmọ àwọn wọ̀nyí, àti àwọn òṣìṣẹ́ kékeré inú wọn fúnra wọn, ni wọ́n ń lọ sí yunifásítì lónìí. Yunifásítì ọ̀hún kò sì sí ní ẹnu ọ̀nà wọn. Yunifásítì Èkó wà ní Àkọkà, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, wà ní Ọ̀jọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ wà ní Ìkẹjà, yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ náà sì wà ní Ìkòròdú. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá 2024 ń gba Agége àti Ìkẹjà kọjá lọ sí Yaba àti Ọyìngbò. Ìyẹn ran ẹni tó ń lọ sí Àkọkà lọ́wọ́, kò ran ẹni tó ń lọ sí Ọ̀jọ́. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ ti fò kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ òbí lè fọwọ́ kàn lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ṣe ṣíìfù òru ní fákítọ̀rì, tí kíláàsì rẹ̀ wà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ̀kọ́ orí fóònù ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là. N kò ní fojú kéré ìyẹn rárá.

Ìfẹ́ ẹ̀kọ́ àtòkèèrè yìí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ àná. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ olórí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn láti 1954 sí 1959, fi lẹ́tà àti ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kàwé gba oyè ìmọ̀ okòwò Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé kọ́ àwọn tí kò lè wá jókòó ní kíláàsì ní 1974. Ìjọba Ṣágàrí dá yunifásítì gbogboògbò, NOUN, sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, wọ́n sì jí i dìde ní 2002. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀: ìmọ̀ okòwò ni Awólọ́wọ̀ fi lẹ́tà kọ́. Ìṣirò owó kò béèrè pé kí ẹnìkan dá ọ lóhùn kí o tó mọ̀ ọ́n. Èdè ń béèrè bẹ́ẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń ṣe ètò ẹ̀kọ́ orí ayélujára ti sábà máa ń fi gbogbo kọ́ọ̀sì ṣe ọ̀kan.

Ìwádìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí lórí ìhà tí a kọ sí ẹ̀rọ ni ti Fred Davis, ará Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1989. Ó ní ohun méjì ló ń mú kí ènìyàn gba ẹ̀rọ: kó rí i pé ó wúlò fún òun, kó sì rí i pé lílò rẹ̀ kò nira. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n àwọn wo ni Davis kọ́kọ́ bi léèrè? Òṣìṣẹ́ IBM ní Toronto, lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà síra wọn àti èyí tí wọ́n fi ń tún fáìlì ṣe. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà tán mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí, nítorí náà ó lè sọ bóyá ẹ̀rọ wúlò. Ta ló mọ ọjọ́ tí èdè parí? Ṣáájú Davis, Robert Gardner àti Wallace Lambert ti kọ ìwé kan ní 1972 láti Kánádà, lórí ìhà àti ìfẹ́ ọkàn ẹni tó ń kọ́ èdè kejì. Wọ́n ya ẹni tó ń kọ́ èdè kó lè bá àwọn tó ni ín gbé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń kọ́ ọ kó lè fi ríṣẹ́ tàbí kó lè yege. Èrò tèmi ni pé a kò lè lo ọ̀rọ̀ Davis fún kọ́ọ̀sì èdè láìfi ti Gardner àti Lambert kún un. ‘Ó wúlò’ kò ní ìtumọ̀ kankan títí a ó fi mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, tàbí máàkì ló ń wá.

Gẹ̀ẹ́sì ni ká fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ ni, bó ṣe ìṣirò owó, á ṣe kọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ GST, ìyẹn ẹ̀kọ́ gbogboogbò tó kan gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ní ọdún kìn-ín-ní. Èdè kejì ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún púpọ̀ nínú wọn, ó sì ń gbé ibi gbogbo: ó wà lára pátákó ìpolówó, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà lára ògiri fákítọ̀rì níbi tí wọ́n kọ òfin ààbò sí, Píjìn-ín àbúrò rẹ̀ sì gba gbogbo ojú ọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ wọlé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun ti ní in lọ́wọ́, máàkì ló kù. Nítorí náà, bí a bá kó GST sínú PDF, tí a fi ìbéèrè onídàáhùn mẹ́rin-mẹ́rin dán an wò lórí kọ̀ǹpútà, kò yẹ kó yani lẹ́nu bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yìn ín. Ẹ wo ibi tó ti ń bọ̀. Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC, ìwé kẹta ni ti ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní Gánà, Sierra Leone àti Gambia, ọmọ á fetí gbọ́ ọ̀rọ̀ kó tó dáhùn. Ní Nàìjíríà àti Làìbéríà, ọgọ́ta ìbéèrè lórí ìwé ni, kó fi pẹ́ńsù kun ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ bá èyí tí wọ́n fà nídìí mu. Ọmọ lè gba gbogbo rẹ̀ láìla ẹnu rẹ̀ rárá. JAMB náà ti kó gbogbo ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà láti 2015, ẹnikẹ́ni kò sì gbóhùn olùṣèdánwò. Ọmọ Yorùbá tí ‘ship’ àti ‘sheep’ jẹ́ ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀, tó ń fi ‘h’ síbi tí kò yẹ, tó sì ń yọ ọ́ kúrò níbi tó yẹ, lè kun èyí tó tọ̀nà kó sì máa lọ. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló sọ Gẹ̀ẹ́sì wa di odi. Ìwé ti ṣe é kí kọ̀ǹpútà tó dé, kọ̀ǹpútà kàn jogún rẹ̀ ni. Ìyìn tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kó fún kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, ìyìn ẹni tí wọ́n yọ̀ǹda kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní kó o jẹ.

Yorùbá ni ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wúwo jù. Kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan yunifásítì ní Èkó ni wọ́n ti ń kọ́ Yorùbá ní èdè kejì ní Agége. Rélùwéè tó kúrò ní Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Agége kọjá. Kòkó àti obì ni àwọn olóko ibẹ̀ ń gbìn, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Obì ló fa àwọn oníṣòwò Hausa wá, wọ́n jókòó, wọ́n bímọ, wọ́n sì kọ́ Yorùbá láìsí olùkọ́, láìsí ìwé, nídìí agbọ̀n obì àti ní ojúde ara wọn. Nígbà tó wá di oṣù kejì 2018, gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé fọwọ́ sí òfin tó sọ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Òfin náà ní kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìpínlẹ̀ ni fi kọ́ọ̀sì Yorùbá kún GNS, ẹ̀kọ́ gbogboogbò wọn. Ó wá túmọ̀ sí pé ọmọ Ìgbò tí bàbá rẹ̀ ń ta fóònù ní Computer Village ní Ìkẹjà, àti ọmọ Hausa tí a bí sí Agége, yóò jókòó kọ́ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè kejì ní kọ́lẹ́jì, èdè tí wọ́n ti fi ń nájà láti kékeré, tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi í búni, tí wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń fèsì èébú.

Kí ló kù tí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní? Kì í ṣe ohun kékeré. Hausa kò ya ‘e’ kúrò lára ‘ẹ’, bẹ́ẹ̀ ni kò ya ‘o’ kúrò lára ‘ọ’, nítorí náà etí ọmọ Hausa lè fo ìyàtọ̀ náà dá láìmọ̀. Ìgbò ní ‘gb’ àti ‘kp’ láti ilé, ìyẹn kò ni ín lára, àmọ́ ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ló mọ̀, ohùn àárín tiwa máa ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì má tíì kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa rí. Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe fún wọn. Bọ́tìnnì Gẹ̀ẹ́sì tó bá fóònù wọn wá kì í sábà gbé ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn jáde wẹ́rẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ ‘igba’, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá igba owó ló ń wí, tàbí igbá ẹlẹ́kọ, tàbí ìgbà òjò, tàbí ìgbá inú ọgbà, tàbí igbà tí ọlọ́pẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Lọ́jà Agége, kò sẹ́ni tí èyí máa dàrú mọ́ lójú, nítorí ohùn wà lẹ́nu, igbá sì wà nílẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, bí a bá ní kó máa ka àmì, á gé máàkì. Bí a bá ní kó má ka àmì, á gba márààrún wọlé bákan náà. Oògùn rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n o. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n dá YorubaName, àkójọ orúkọ Yorùbá orí ayélujára, sílẹ̀ ní 2015, ṣe bọ́tìnnì Yorùbá tí ènìyàn lè gbà sórí kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, Google náà sì ní ti fóònù. Kọ́ọ̀sì tí kò bá fi ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní bí wọ́n ṣe ń gbà á sílẹ̀ ti di í lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà wo àmì yìí ló ń bí ìhà kíkorò méjì tí mo rò pé kò sí ìwé ìbéèrè tó máa rí wọn. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké ní títì á wá di dìndìnrìn lójú kọ̀ǹpútà, inú á sì bí i sí kọ́ọ̀sì. Ẹni tó há gbogbo ìdáhùn sórí á gba A, kò sì ní lè ra tòmátò olówó kékeré, òun náà á sì máa fi kọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́. Bí àwọn méjèèjì bá fàmì sí ‘n kò fara mọ́ ọn’, ohun kan náà kọ́ ni wọ́n ń wí.

Ẹ jẹ́ ká gbé Yorùbá yìí kan náà lọ sí Texas. Yunifásítì Texas ní Austin gbé ìwé ‘Yorùbá Yé Mi’ tí Fẹ́híntọlá Mosadomi ṣe sórí ayélujára fún ẹni tó bá fẹ́, pẹ̀lú ohùn tí a gbà sílẹ̀ ti ẹni tó ni èdè. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ ọ níbẹ̀ kò ní Agége kankan nítòsí. Bó bá ti fóònù rẹ̀ pa, Yorùbá parí nìyẹn títí kíláàsì tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ jẹ́ fèrèsé fún un, ó sì lè dúpẹ́ fún un tọkàntọkàn. Ká ní èdè fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ìhà tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sí ẹ̀rọ ni, àwọn méjèèjì ì bá máa sọ ohun kan náà. Ká ní ẹ̀rọ ni, bákan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ láàárín wọn ni títì. Ètò ẹ̀kọ́ èdè Flagship tí ìjọba Amẹ́ríkà ná owó sí tilẹ̀ fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé fèrèsé kì í ṣe ilé: pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wọn, Ìbàdàn ni wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá wọn wá nígbà náà kí wọ́n wá gbé láàárín wa.

Faransé ni ẹ̀kẹta, òun ló sì dà bí Yorùbá tó wà ní Texas. Bẹ̀nẹ̀, Nìjẹ̀r, Ṣáàdì àti Kamẹrúùnù yí wa ká, wọ́n sì ń fi Faransé ṣe iṣẹ́ ìjọba ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní oṣù kejìlá 1996, Àbáṣà, olórí ìjọba ológun, kéde pé Nàìjíríà yóò sọ Faransé di èdè ìjọba kejì. Ìkéde náà kò rí ilé gbé ní Ìkẹjà. Ará Kútọnu tó bá ń gbé ní Agége á fi Yorùbá tàbí Ẹ̀gùn bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀, á fi Faransé pamọ́ fún ìwé àṣẹ ìrìnnà. Láyé àtijọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé wa máa ń lọ lo ọdún kan nílùú tí wọ́n ti ń sọ ọ́, bíi Lòmé níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ Village du Bénin wà. Nígbà tí náírà já lulẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, ìrìn-àjò náà wọ́n ju ohun tí yunifásítì lè gbé, ni wọ́n bá dá abúlé èdè Faransé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1991. Mo fẹ́ kí ẹ wo ohun tí abúlé yẹn ń sọ: ìjọba fi bíríkì àti sìmẹ́ǹtì jẹ́wọ́ pé kò sí bí wọ́n ṣe lè kọ́ ènìyàn ní èdè láìkọ́ ilé fún èdè náà. Nítorí náà, fún akẹ́kọ̀ọ́ Faransé tó wà ní Ìkẹjà, kí ó tó lọ sí Àgbádárìgì àti lẹ́yìn tó bá dé, ẹ̀rọ ni títì rẹ̀. Ẹnu Yorùbá ti ní fáwẹ̀lì àránmúpè, ‘bon’ àti ‘vin’ kò lè dá a láàmú. Ìyàtọ̀ ‘tu’ àti ‘tout’ ló máa dá a láàmú, nítorí Yorùbá kò ní fáwẹ̀lì inú ‘tu’. Rédíò ilẹ̀ Faransé, RFI, lórí fóònù á máa sọ ọ́ sí i létí títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò sì ní bínú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ló ní ìdí tó dára jù láti fẹ́ ẹ̀kọ́ orí ayélujára, àwọn náà ni inú wọn sì máa bàjẹ́ jù bí wọ́n bá tan fóònù, tí wọ́n bá PDF ìyípadà ọ̀rọ̀-ìṣe pàdé. Títì ni wọ́n ń retí, ògiri ni wọ́n bá.

Àwọn kan á sọ pé 2020 ti fi gbogbo èyí hàn wá nígbà tí Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́. Mo rò pé ká rọra. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba wa wà nínú ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, láti oṣù kẹta títí dé oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn aládàáni ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀rọ. Charles Hodges àti àwọn mẹ́rin mìíràn sì ti kìlọ̀ láti Amẹ́ríkà ní oṣù kẹta 2020 gan-an pé ẹ̀kọ́ tí a sáré gbé sórí ẹ̀rọ nítorí wàhálà yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ tí a fara balẹ̀ ṣètò fún ẹ̀rọ.

Àtakò tó lágbára jù ni ti owó àti iná. Wọ́n á ní, kí lo ń sọ nípa ibi tí èdè ń gbé? Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní dátà, NEPA mú iná lọ, ìhà rẹ̀ nìyẹn. Òtítọ́ ni. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìpele tó ń rí iná jù, gòkè láti nǹkan bí náírà 68 sí 225 lórí yúníìtì kan. Ní oṣù kẹta ọdún náà, okùn ayélujára mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun já nítòsí Côte d’Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì mẹ́hẹ gan-an ní Èkó. Ní oṣù kìíní 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàbójútó ìbánisọ̀rọ̀, fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdajì kún owó wọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé owó nìkan ni, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra dátà kan náà nínú yàrá kan náà ì bá kọ ìhà kan náà sí gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ̀. Ẹni tó bá rò ó dáadáa á rí i pé kò lè rí bẹ́ẹ̀: PDF òfin okòwò yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, PDF Faransé kò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn. Owó ní iṣẹ́ tó ń ṣe o, iṣẹ́ rẹ̀ sì burú ju bí àwọn alátakò ti wí lọ, nítorí kò gé gbogbo ẹ̀kọ́ dọ́gbadọ́gba. Bí dátà bá wọ́n, kámẹ́rà ló kọ́kọ́ ń kú. Lẹ́yìn kámẹ́rà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á pa máìkì. Lẹ́yìn náà, olùkọ́ á fi kíláàsì sílẹ̀, á kó ìwé sórí WhatsApp. Nínú ìṣirò owó, ohun tó ṣẹ́kù yẹn ṣì jẹ́ ẹ̀kọ́. Nínú èdè, ohùn ni ohun tó ṣòfò, ohùn sì ni èdè. Òṣì ń sọ kọ́ọ̀sì èdè di kọ́ọ̀sì ìwé kíkà, a wá ń bi akẹ́kọ̀ọ́ bóyá ó fara mọ́ ọn.

Àtakò kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa. Wọ́n ní ojú ń ti ọ̀pọ̀ ọmọ láti sọ èdè tí kò yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu níwájú igba ènìyàn, ẹ̀rọ sì ń bo ojú wọn. Elaine Horwitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe òṣùwọ̀n kan ní 1986 láti fi wọn ìbẹ̀rù kíláàsì èdè yìí, wọ́n sì ní ìbẹ̀rù náà dá yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù ìdánwò lásán. Mo gbà. Ọmọ Hausa tí wọ́n ti fi ‘e’ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà rí ní sẹ́kọ́ńdìrì kò ní fẹ́ la ẹnu níwájú gbogbo ènìyàn. Bí ó bá lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú yàrá, kó fi èyí tó dára jù ránṣẹ́ sí olùkọ́, àǹfààní ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn ń béèrè pé kí olùkọ́ gbọ́ ohùn náà, kó sì dáhùn. Olùkọ́ kan tó ní ẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ GST kò lè ṣe é. Ohun tí ẹ̀rọ ń fún onítìjú nígbà náà kò kọjá ibi ìfarapamọ́, kò sì sí ẹni tó kọ́ èdè níbi tó sá pamọ́ sí. Ojútùú rẹ̀ kò jìnnà: kí a pín wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí olùkọ́ gbọ́ ìwọ̀nba.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ti dé, ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kí la tún ń wá? Fún Faransé, mo wà lẹ́yìn wọn dé ibì kan, nítorí títì tó bá ṣeé wọ̀ lóru àti lọ́sàn-án sàn ju àìní títì lọ. Fún Yorùbá, Google ti ń túmọ̀ rẹ̀ láti 2013, síbẹ̀ àmì ohùn inú ìtumọ̀ náà máa ń ṣì lọ́nà tí ọmọ ọdún mẹ́fà ní Agége kò ní ṣì. Ẹni tó ní oríta Pen Cinema ti Agége ní ẹ̀yìn ilé, tó wá lọ bá ẹ̀rọ tó ń gbìyànjú ohùn Yorùbá, ó fi odò sílẹ̀ ó lọ wẹ̀ nínú ìkòkò. Ohun mìíràn tún wà. Ẹ̀rọ kò nílò ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Alátà nílò owó ẹ, ìwọ náà nílò ata ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin méjèèjì fi máa fara balẹ̀ gbọ́ ara yín yé, tí alátà á sì ní kí o tún un wí.

Bí ọ̀rọ̀ mi bá dúró, ètò ẹ̀rọ kan náà kò lè wà fún èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ́ọ̀sì Yorùbá GNS yẹ kó rán fóònù jáde sí títì: kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ gba ohùn ìnájà márùn-ún sílẹ̀ ní ọjà Agége tàbí ní ọjà Ìpódó ní Ìkẹjà, lẹ́yìn tó bá ti tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀, kó wá jókòó kọ ọ́ jáde pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Títì á ṣe iṣẹ́ ẹnu, ẹ̀rọ á ṣe iṣẹ́ ìwé. Kọ́ọ̀sì Faransé ni kí wọ́n kó owó dátà sí, kí ohùn má bàa kú níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Abomey-Calavi ní Bẹ̀nẹ̀ ń wá ẹni tí wọ́n á bá sọ Gẹ̀ẹ́sì bí tiwa ti ń wá ẹni tí wọ́n á bá sọ Faransé. Kí a pa wọ́n pọ̀ lórí ẹ̀rọ: ìdajì wákàtí nínú èdè kan, ìdajì nínú èkejì, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aago Kútọnu àti ti Èkó kan náà ni, wọn kò tilẹ̀ ní fi wákàtí ṣìnà. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì GST, kí PDF máa bá tirẹ̀ lọ fún gírámà, ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ ogún máàkì sọ́tọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń gbọ́ ọ. Lọ́dún tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ èyí, mo lérò pé àwọn tó ń fàmì sí ‘mo fara mọ́ ọn gan-an’ máa dín kù.